Lẹ́tà ṣíṣí sí kóòṣì ọmọ mi: ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò, kò wo pápá

Kóòṣì wa,

Ẹ kú oòrùn, ẹ kú ìdúró. Mo mọ̀ pé owó kọ́ lẹ ń gbà nídìí iṣẹ́ yìí. Nígbà tí ọmọbìnrin mi kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ yín láti kọ́ softball, ẹ̀rù bọ́ọ̀lù ń bà á débi pé ó máa ń dijú bó bá ti rí i tó ń bọ̀. Lónìí tó ti pé ọmọ ọdún méjìlá, ó ń fi àyà dá bọ́ọ̀lù dúró nínú eruku láìdijú. Ẹ̀yin lẹ ṣe é. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo jókòó láti bú yín ni.

Ohun tí mo fẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí máa fi orí ara rẹ̀ pe bọ́ọ̀lù tí pitcher máa jù, ìyẹn ni pé kó máa yan irú èyí tí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù máa jù, bí kò tilẹ̀ ju inning kan lọ, abala kan péré nínú eré.

Mo ti sọ ọ́ fún yín lẹ́ẹ̀mejì lédè Gẹ̀ẹ́sì, létí wáyà pápá. Lẹ́ẹ̀kíní ẹ rẹ́rìn-ín. Lẹ́ẹ̀kejì ẹ ní a máa wò ó, mo sì ti pẹ́ nílẹ̀ yìí tó láti mọ ohun tí ẹni tó bá ní a máa wò ó ń sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ báyìí ní èdè tí mo fi ń ronú, ní gbangba, nítorí àwọn òbí Yorùbá mìíràn wà ní Houston níbí, wọ́n wà ní Dallas, ní Atlanta, ní Maryland, tí ọmọ wọn ń ṣe eré yìí tí àwọn fúnra wọn kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìbòjú onírin tí ọmọ ń dé. Ọmọ mi ni yóò túmọ̀ lẹ́tà náà fún yín. Bí ẹ bá rí i pé ó fo ibì kan, ẹ bi í dáadáa. Ojú ló ń tì í.

Ẹ jẹ́ kí n bá àwọn òbí yẹn sọ̀rọ̀ ná. Softball jọ baseball bí àbúrò ṣe ń jọ ẹ̀gbọ́n. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ tóbi ju ti baseball lọ, pápá rẹ̀ kéré sí i, wọ́n sì ń ju bọ́ọ̀lù náà láti ìsàlẹ̀: apá á yí bírí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí kí ọwọ́ tó tú u sílẹ̀. Ẹni tó ń jù ú ni pitcher. Ẹni tó di igi mú láti gbá a, èmi máa ń pè é ní onígi, kì í ṣe oníṣòwò igi o. Bó bá gbá a, á sáré gba béèsì mẹ́ta kọjá; bó bá padà dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó wálé nìyẹn, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì jẹ ẹyọ kan. Lọ́jọ́ orí ọmọ tiwa, ẹsẹ̀ bàtà 40 ló wà láàárín ibi tí pitcher dúró sí àti béèsì tí onígi dúró tì. Bí wọ́n bá dé ilé ẹ̀kọ́ gíga girama, á di 43. Bí ọmọ kan bá lè jù ú ní ìwọ̀n máìlì 50 ní wákàtí, bọ́ọ̀lù náà kò ní lò ju bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lọ kó tó dé. Kí ẹ tó pe Jésù tán, ó ti dé.

Lẹ́yìn onígi ni catcher, ẹni tó ń mú bọ́ọ̀lù tí pitcher bá jù, lóṣòó sí, òun ni ọmọ tèmi. Ohunkóhun tí pitcher bá fẹ́ jù, catcher gbọ́dọ̀ ti mọ̀ ọ́n ṣáájú. Èyí tó yára tààrà wà. Drop wà, tó jẹ́ pé bó bá kù díẹ̀ kó dé ni yóò já sísàlẹ̀. Èyí tó ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ wà, àwọn tó ti dàgbà nínú eré náà sì ní èyí tí wọ́n ń pè ní rise. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù ni changeup: apá á yí kíákíá bí ẹni pé iná ló fẹ́ jù, bọ́ọ̀lù á wá máa bọ̀ jẹ́jẹ́ bí ìyàwó ojú ọ̀nà. Onígi á ti gbá afẹ́fẹ́ tán kó tó dé. Ó dára púpọ̀, bí catcher bá mọ̀ pé òun ló ń bọ̀. Bó bá ń retí jẹ́jẹ́ tí iná sì dé, ìbòjú rẹ̀ ni yóò bá. Bó bá ń retí tààrà tí bọ́ọ̀lù sì já sílẹ̀, ó di ẹ̀yìn wáyà, ẹni tó wà ní béèsì kẹta á sì sáré wálé. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń fi àmì sọ̀rọ̀.

Ìka ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọmọ mi. Catcher á ti ọwọ́ ọ̀tún bọ àárín itan, á na ìka kan fún èyí tó yára, méjì fún òmíràn, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa mì bí ewé fún changeup. Ìbọ̀wọ́ á bo ẹ̀gbẹ́ orúnkún òsì kí kóòṣì ẹgbẹ́ kejì tó dúró ní béèsì kẹta má baà yọjú wò ó. Ìka kò gbọ́dọ̀ yọ sísàlẹ̀ itan. Nítorí pé òkùnkùn pọ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọbìnrin máa ń kun cutex tó ń tàn yòò sí èékánná ọwọ́ ọ̀tún kí pitcher lè rí i láti ọ̀ọ́kán. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọmọ ọdún mẹ́wàá nínú ilé mi tó kun cutex aláwọ̀ ọsàn sí ọwọ́ kan, tó fi ọwọ́ kejì sílẹ̀, ohùn mi ti ga kó tó ráyè ṣàlàyé. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìyẹn kì í sì í sábà ṣẹlẹ̀ nínú ilé Yorùbá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ni ìgbà tí ẹni kan láti ẹgbẹ́ kejì bá wà ní béèsì kejì. Ẹni yẹn kọjú sí catcher gan-an, gbogbo ìka ló ń rí, ó sì lè ta onígi wọn lólobó. Catcher á wá na ìka léraléra, bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹyọ kan péré ló sì jẹ́ òótọ́ nínú wọn. Wọ́n lè ti jọ ṣàdéhùn pé ẹlẹ́ẹ̀kejì ni. Wọ́n lè ní èyí tó bá tẹ̀lé ìka méjì ni. Wọ́n lè ka iye out tó ti wà, ìyẹn àwọn tí wọ́n ti lé jáde nínú ẹgbẹ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù (bó bá pé mẹ́ta, ó tán fún wọn nínú inning náà), kí wọ́n fi ẹyọ kan kún un. Àwa tí a fi ẹnà bá ara wa sọ̀rọ̀ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí a ń há ìró mìíràn mọ́ àárín ọ̀rọ̀ kí tíṣà má baà gbọ́, a mọ adùn irú nǹkan báyìí. Ọmọ mi àti pitcher rẹ̀ máa ń ṣe àdéhùn tuntun lẹ́yìn ọkọ̀ mi, wọ́n á sì kọ̀ láti sọ fún mi. Mo rò pé àwọn ọjọ́ yẹn ni wọ́n di ọ̀rẹ́.

Ó tó ọdún kan báyìí tí kò ti kun cutex mọ́, kóòṣì. Kò wúlò fún un.

Mo rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ ti kọ́kọ́ gba ìpè lọ́wọ́ wọn, ẹ jókòó sórí bákẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù yín, ẹ ń fọwọ́ kan imú, ẹ ń fọwọ́ kan etí, ẹ ń fọwọ́ kan àgbọ̀n, catcher á wá máa wò yín. Ẹgbẹ́ kan fara balẹ̀ kà yín lójú títí wọ́n fi mọ ohun tí imú jẹ́ àti ohun tí etí jẹ́, wọ́n sì gún wa bí ẹní gún iyán. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ ra báńdì ọwọ́. Páálí kékeré kan wà nínú ọ̀rá rẹ̀, ó kún fún nọ́ńbà wínníwínní. Ẹ ó pariwo "méjì, ọ̀kan, mẹ́rin", catcher á wo ọrùn ọwọ́, pitcher náà á wo tirẹ̀, wọ́n á wá ìlà, wọ́n á wá òpó, ohun tó bá wà níbi tí méjèèjì ti pàdé ni wọ́n máa jù. Bí eré bá parí, ẹ ó pààrọ̀ páálí. Kò sí ẹni tó lè jí i. Mi ò ní sọ pé ọgbọ́n kọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù karùn-ún. Inning tó kẹ́yìn ni, a fi ẹyọ kan ṣáájú, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kejì wà ní béèsì kejì àti ìkẹta, out méjì sì ti wà. Onígi wọn kéré, igi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ga jù ú lọ. Pitcher wa ju èyí tó yára sí i, ó gbá a, ó pẹ́, bọ́ọ̀lù fò lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lóde ìlà. Ó tún jù ú, ó tún gbá a, ó tún pẹ́. Èmi tí mo wà létí wáyà pẹ̀lú agbòòrùn, tí mi ò di igi mú rí láyé mi, mo rí i pé ọmọ yẹn ò lè bá iná sáré. Nọ́ńbà wá kúrò lẹ́nu yín. Catcher wo ọwọ́. Pitcher wo ọwọ́. Changeup ni. Ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́, ó sì pàdé igi tó ti ń pẹ́ láti àárọ̀. Ẹni méjì wálé.

Pípàdánù kọ́ ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni ohun tó tẹ̀lé e. Ẹ kó àwọn ọmọ jọ sórí koríko, ẹ bi ọmọ mi níwájú gbogbo wọn pé kí ló rí lára onígi yẹn. Ó ní, "Ọwọ́ mi ni mò ń wò." Ẹ pè é ní àfojúdi, ẹ ní kó sáré yí pápá ká.

Àfojúdi kọ́, kóòṣì. Ìdáhùn ni. Nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń padà sílé, mo bi í pé ṣé iwájú àpótí tí wọ́n fi ẹfun fà sílẹ̀ ni onígi yẹn dúró sí àbí ẹ̀yìn. Kò mọ̀. Ṣé ó di igi náà mú ní ìdí àbí ó ti gbé ọwọ́ sókè díẹ̀? Kò mọ̀. Ọmọ tó jẹ́ pé bí mo bá pààrọ̀ yẹtí lásán láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi yóò ti rí i kí n tó jáde ní yàrá, ó wà lẹ́yìn ọmọ kan tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó, fún bọ́ọ̀lù mẹ́ta, kò rí nǹkan kan. Kò sí àyè fún un láti rí i ni. Bí bọ́ọ̀lù bá ti padà sọ́wọ́ pitcher, ó ti ń tẹ́tí sí nọ́ńbà. Bó bá ti gbọ́ nọ́ńbà, ó ti ń wá a nínú páálí. Bó bá fi máa gbójú sókè, apá pitcher ti ń yí.

Láyé àwọn baba ńlá wa, ẹni tó bá fẹ́ ránṣẹ́ tí kò fẹ́ kí aráyé gbọ́ máa ń fi àrokò ránṣẹ́. Ó lè so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀: ẹ̀fà ni, ọkàn mi fà sí ọ. Ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí lè dá mẹ́jọ padà: ọ̀rọ̀ wa jọ. Bí wọ́n bá kọ ẹ̀yìn owó ẹyọ méjì síra wọn, ìjà ti dé nìyẹn. Ẹni tó gbé àrokò lọ́wọ́ kò ní láti mọ ohun tó gbé, ibẹ̀ gan-an ni àǹfààní rẹ̀ wà. Bí wọ́n bá dá a dúró lọ́nà, kò ní nǹkan tó máa jẹ́wọ́. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń wá lára rẹ̀, wọn kì í wá ojú.

Oníṣẹ́ àrokò lẹ sọ ọmọ mi dà. Ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu yín, ó gba ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ó dé ọwọ́ pitcher, òun kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Àwọn àgbà wa sì tún ní òwe kan: bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí wọ́n rán ní láti wo ojú ẹni tí wọ́n rán an sí, kó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti yẹ kó rọ̀ àti ibi tó ti yẹ kó le. Ẹ ò fún ọmọ yìí láyè láti fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ní oṣù kẹrin, pitcher mi orí sí ìpè kan, ó ní òun ò fẹ́. Nọ́ńbà kan náà lẹ tún pariwo, ohùn yín sì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ tún wo ibi tí ẹ jókòó sí. Ẹ̀gbẹ́ ni bákẹ́ẹ̀tì yín wà. Láti ibẹ̀, ẹ lè rí bóyá bọ́ọ̀lù ga tàbí ó rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò lè rí bóyá ó wọnú sápá onígi tàbí ó yà síta. Catcher ló ń rí ìyẹn, òun àti umpire, adájọ́ eré, tó bẹ̀rẹ̀ lé e lẹ́yìn. Òun ló ń gbọ́ nígbà tí umpire bá ń mí kanlẹ̀ pé èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ strike, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń kà fún pitcher, tó sì máa mọ̀ pé bí wọ́n bá tún gbé e síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ọkùnrin yìí á fún wa. Òun ló mọ̀ pé bí pitcher wa bá ti ń nu ìka mọ́ sòkòtò léraléra, drop rẹ̀ ti sá lọ, kò ní padà títí di inning tó ń bọ̀. Ó sọ èyí fún mi nílé, lórí àwo ẹ̀bà. Mo bi í bóyá ó ti sọ ọ́ fún yín. Ó ní ẹ ò bi òun.

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ. Ẹ ó ní ní kọ́lẹ́ẹ̀jì gan-an, kóòṣì ló sábà máa ń pe bọ́ọ̀lù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ oúnjẹ àwọn yẹn ni. Wọ́n ní fídíò, wọ́n ní àwọn tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n kà á sílẹ̀ pé onígi báyìí ti gbá bọ́ọ̀lù báyìí sí apá ibí yìí. Ẹ̀yin àti èmi ńkọ́? Kí la mọ̀ nípa ọmọ ọdún méjìlá tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ìyá rẹ̀ láti Beaumont láàárọ̀ yìí, tí a ò rí i rí? Gbogbo ohun tí a lè mọ̀ nípa rẹ̀ wà lára rẹ̀ níbi tó dúró sí. Ẹni tó sún mọ́ ọn jù kò sì ráyè wò ó.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, gbogbo ilé wa jókòó wo Texas àti Texas Tech nínú àṣekágbá kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Oklahoma City. Nínú eré àkọ́kọ́, pitcher Texas Tech, NiJaree Canady, fẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ju bọ́ọ̀lù jìnnà sí Reese Atwood ti Texas, kó gba béèsì ọ̀fẹ́ kó má baà gbá bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù náà kò jìnnà tó. Atwood na igi sí i, ẹni méjì wálé, Texas borí pẹ̀lú 2 sí 1, wọ́n sì gba ife náà níkẹyìn, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún wọn. Ọkọ mi fò sókè lórí àga. Ọmọ mi jókòó jẹ́jẹ́, ó ní, "Catcher ni Atwood, Mọ́mì. Gbogbo bọ́ọ̀lù ló ń wò bí ẹni tó fẹ́ mú un." Ẹni tó ń ronú báyìí lórí àga nílé lẹ fún ní páálí nọ́ńbà lórí pápá.

Ẹ tún lè ní àmì jíjí ló ń bà yín lẹ́rù. Houston la wà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ wa ní ìtàn ìyẹn. Astros tiwa ni, ẹgbẹ́ baseball Houston, ní 2017: kámẹ́rà ń wo ìka catcher ẹgbẹ́ kejì, wọ́n ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n nítòsí ibùjókòó wọn, wọ́n sì ń lu garawa ìdàlẹ̀nù gbàgà kí onígi wọn lè mọ̀ pé èyí tó yára kọ́ ló ń bọ̀. Wọ́n gba ife àgbáyé lọ́dún náà. Nígbà tí àṣírí tú ní 2019, tí ìyà sì dé ní oṣù kìíní 2020, mílíọ̀nù 5 dọ́là ni owó ìtanràn, wọ́n gba ẹ̀tọ́ wọn láti yan àwọn ọ̀dọ́ pàtàkì fún ọdún méjì, olùdarí ẹgbẹ́ àti ọ̀gá tó ń bójú tó rírà àti títà àwọn òṣèré sì lọ ilé. Ọ̀gbẹ́ni kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣì ń wọ fìlà ọdún yẹn wá sí ìpàdé. Kálukú pẹ̀lú ẹ̀rí ọkàn tirẹ̀.

Láti 2022 ni àwọn ẹgbẹ́ ńlá baseball yẹn ti wá ń lo PitchCom, ẹ̀rọ kékeré oníbọ́tìnì: wọ́n á tẹ̀ ẹ́, ohùn á sọ nínú fìlà pitcher ohun tó máa jù. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní bọ́tìnì náà? Catcher ni. Nígbà tó di 2023, wọ́n gba pitcher náà láyè láti máa tẹ̀ ẹ́. Pẹ̀lú gbogbo owó tó wà nínú eré yẹn, pẹ̀lú gbogbo kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní, àwọn tó wà lórí pápá ni wọ́n kó ọ̀rọ̀ náà lé lọ́wọ́.

Mo ń sọ èyí nítorí mo gbọ́ nínú ìpàdé òbí pé ẹ fẹ́ kí a dá owó ra ẹ̀rọ tí ẹ ó fi máa sọ̀rọ̀ sí catcher létí tààrà. Ẹ má bínú sí mi, mi ò ní dá owó yẹn. Òótọ́ ni pé ojú rẹ̀ yóò kúrò lọ́rùn ọwọ́. Etí rẹ̀ ló kù tí ẹ tún fẹ́ gbà.

Ìdí kan wà tí mo mọ̀ pé ẹ ní tí ẹ kì í sọ. Bí ẹ̀yin bá pe bọ́ọ̀lù tí wọ́n sì gbá a jìnnà, ẹ̀yin la ó kùn sí. Bí ọmọ bá pè é, òbí pitcher lè wo ọmọ mi bí ẹni tó ba ọjọ́ wọn jẹ́. Ẹ ń dáàbò bò ó. Mo rí i, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n èmi ni ìyá rẹ̀, mo ní kí wọ́n máa wò ó bó ṣe wù wọ́n. Bàbá mi, tó fi ọ̀sán ta ayò lábẹ́ igi máńgòrò títí ó fi darúgbó, máa ń dìde nídìí ọpọ́n bí ẹnikẹ́ni bá dúró lẹ́yìn ẹni tí òun ń bá ta tó ń sọ ibi tó máa ta fún un. Ó ní òun ò wá bá ẹni méjì ta ayò. Ọ̀pẹ, ẹni tí kò tíì mọ ayò ta, tó bá ta tirẹ̀ fúnra rẹ̀ tó sì pàdánù, bàbá mi á bá a tún un ta pẹ̀lú sùúrù, á bi í pé kí ló rí kó tó kó ọmọ ayò yẹn. Èyí tí wọ́n bá ń sọ fún láti ẹ̀yìn kì í ní nǹkan kan láti sọ.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí. Ọjọ́ Àìkú tí ife wà níbẹ̀, ẹ máa pè é, mi ò ní gbin. Ṣùgbọ́n àwọn eré ọjọ́ Sátidé tí wọ́n fi ń tò wá sípò nìkan, nínú ọ̀kan nínú wọn, ẹ fún un ní inning kan. Kó bọ́ báńdì náà, kó fún mi, màá fi sínú báàgì mi. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù síta nítorí ẹni tó fẹ́ sáré jí béèsì, ẹ pariwo ìyẹn, iṣẹ́ yín ni. Ìyókù, kí òun àti pitcher rẹ̀ bá ara wọn sọ ọ́, kí pitcher sì lẹ́tọ̀ọ́ láti mi orí. Mo mọ̀ pé aago ń lé wa nínú àwọn eré yìí. Ìka mẹ́rin kò pẹ́ tó wíwá nọ́ńbà nínú páálí, ẹ dán an wò kí ẹ fi aago kà á.

Bó bá parí, tó bá padà wá jókòó, ẹ bi í pé, "Kí lo rí?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi í pé, "Kí ló dé tó o fi pe ìyẹn?" Ọ̀kan nínú ìbéèrè méjèèjì yìí ń mú kí ọmọ la ojú. Èkejì ń mú kó wá àwáwí. Ó lè ṣìnà. Yóò ṣìnà dájúdájú. Ó lè pe changeup fún onígi tó ń pẹ́, bí ẹ̀yin ṣe pè é lóṣù karùn-ún. Bí wọ́n bá gbá wa títí tí inning náà kò fi fẹ́ tán, kúlà ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù fún gbogbo ẹgbẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọrùn mi ló wà, pẹ̀lú dòdò.

Sátidé yìí, aago méje àárọ̀ lẹ ní kí a wà ní pápá. Lálẹ́ àná, mo kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo gbọ́ òórùn cutex. Mo yọjú wọlé. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló kùn, aláwọ̀ ìyeyè. Èmi kọ́ ni mo ní kó kùn ún, mi ò sì tíì sọ fún un pé mo ń kọ lẹ́tà yìí.

Èmi ni,
Ìyá catcher yín